Ọ̀nà méjì láti fún plásímà pọ̀: èwo ló sàn?

Lọ́dọ̀ fọganáísà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́: ó gbóná janjan. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni plásímà (gáàsì tó gbóná débi pé ẹlẹ́kítíróònù ti já kúrò lára àwọn átọ̀mù rẹ̀) tí agbára òòfà dì mú. Wọ́n ń fún un pọ̀ kí ó lè gbóná tó láti mú kí ọkàn àwọn átọ̀mù rẹ̀ so pọ̀, kí agbára sì jáde: ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fusion.

Ní Sandia, ibùdó ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, iná tó tó mílíọ̀nù 20 ampere ló ń fún páìpù kékeré tí wọ́n fi irin bẹ̀rílíọ́ọ̀mù ṣe, tí plásímà wà nínú rẹ̀, pa láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ìṣẹ́jú àáyá. Ó yá gan-an ni, àmọ́ páìpù náà á fọ́ yángá, wọn á sì tún to òmíràn.

General Fusion, iléeṣẹ́ kan ní Kánádà, ń fi ògiri irin lítíọ́ọ̀mù fún plásímà tiwọn pọ̀, ó sì ń pẹ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Plásímà lè ti tutù kí wọ́n tó fún un tán. Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Síbẹ̀, tiwọn ni mo fara mọ́: lítíọ́ọ̀mù yẹn ń gba ooru àti nútíróònù (èérún kékeré tó ń fò jáde nínú fusion), ó sì lè mú tirítíọ́ọ̀mù jáde, irú háídírójìn kan tó jẹ́ epo tí wọ́n á tún lò.