AFRIFF, iREP àbí S16: èwo ló tó owó ọkọ̀ láti Òṣogbo?

Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń parí lọ báyìí ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ fídíò lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Fìà á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé AFRIFF la ń lọ lọ́dún yìí?" Ìdáhùn mi kì í sì í dùn mọ́ wọn nínú. Ẹni tó ń gbé Surulere lè lọ wo gbogbo àjọ̀dún fíìmù tó wà ní Èkó, kó padà sùn nílé. Àwa tí a ó wọkọ̀ láti Òṣogbo, ẹyọ kan lapá wa ká lọ́dún. Mo ti lọ sí àjọ̀dún fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo kọ orúkọ wọn sókè yìí, Èkó ni wọ́n sì ti ń ṣe gbogbo wọn. Iye tí wọ́n ń ta páàsì kọ́ ni n óò sọ. Ẹ ó rí ìyẹn lórí ìkànnì wọn, ó sì máa ń yí padà.

AFRIFF (Africa International Film Festival) ló tóbi jù. Chioma Ude ló dá a sílẹ̀. Port Harcourt ni wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́ ní 2010, kó tó di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ Èkó. Oṣù Kọkànlá ló máa ń bọ́ sí, apá Victoria Island àti Lẹ́kí ni ìlù rẹ̀ sì ti máa ń dún jù. Fíìmù tí kò tíì dé ilé sinimá kankan, ẹ lè kọ́kọ́ rí i níbẹ̀. Òṣèré tí ẹ ń wò nínú fóònù, ẹ̀yin àti rẹ̀ lè jọ to sórí ìlà kan náà. Kíláàsì wà, àwọn tó ń wá fíìmù rà náà máa ń wá. Bí ẹ bá ní fíìmù tí ẹ ti yà parí, tí ẹ ń wá ẹni tí yóò rà á, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù. Ẹ lọ.

S16, ti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ da ilé rú ni. Abba Makama, C.J. Obasi àti Michael Omonua, tí wọ́n jọ ń pe ara wọn ní Surreal16, ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní 2021. Oṣù Kejìlá ni, fíìmù kéékèèké ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ ó rí èyí tí ẹ ó wò tán tí ẹ ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí la wò yìí?" Mo gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kejìlá ni Kejìlá ń jẹ́ ní Èkó: àwọn ará òkè òkun ti dé, wọ́n ti gba gbogbo yàrá tó dára, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì ti di ti ojoojúmọ́.

iREP ní tirẹ̀, dọ́kúmẹ́ńtárì ni gbogbo rẹ̀. Femi Odugbemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2011. Oṣù Kẹta ló máa ń wáyé, ní Freedom Park ní Broad Street, ibi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà àwọn òyìnbó, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ẹnu ọ̀nà wọn kò tíì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Ó wá ku ohun tí kò sí ìwé ìkéde tó máa ń sọ ọ́: ibi tí ẹ ó sùn, àti aago tí ẹ ó fi dé ibẹ̀.

Lọ́dún kan, mo lọ sí àjọ̀dún kan ní Èkó. Kì í ṣe ọ̀kankan nínú mẹ́ta yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Mo ra páàsì ọjọ́ mẹ́rin, mo sì rò pé ìnáwó ti parí nìyẹn. Erékùṣù ni wọ́n ti ń ṣe é. Kétu ni mo gba yàrá sí, torí pé ó rọjú. Fíìmù tí mo torí rẹ̀ kúrò nílé, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé. Aago mẹ́fà lù, kápẹ́ẹ̀tì pupa ni wọ́n ń tẹ́. Aago méje, wọ́n ń ya fọ́tò. Aago mẹ́jọ, onígbọ̀wọ́ ń sọ̀rọ̀, onígbọ̀wọ́ kejì gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan wá dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí iná kú ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo kọ́kọ́ rò pé NEPA ni. Àṣé fíìmù ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

N kò rí ìparí rẹ̀ títí dòní. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ mo dìde, nítorí iye tí ọkọ̀ fẹ́ gbà dé Kétu ń ga sí i lórí fóònù mi bí mo ṣe ń wò ó. Awakọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́ Kétu, ó fagi lé e. Èkejì ní òun á gbé mi, ṣùgbọ́n kí n fi ₦5,000 lé e, "kéèṣì o, bọ̀ọ̀dá." Mo fi lé e. Ó ti kọjá aago méjìlá kí n tó dé òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ti ti géètì. Ọmọkùnrin tó wá ṣí i wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. A rò pé ẹ ò wá mọ́ ni. A ti fún ẹlòmíràn."

Yàrá tí mo ti sanwó rẹ̀! Àga oníke kan tó wà níwájú káńtà ni mo sùn lé mọ́jú, pẹ̀lú báàgì kámẹ́rà láàárín ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo fi máa padà sí Erékùṣù láàárọ̀, wọ́n ti gbé kíláàsì tí mo sanwó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Orí Instagram nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí, dátà mi sì ti tán lóru. Mo jókòó ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo délé: owó páàsì kò tó ìdá mẹ́rin ohun tó jáde lápò mi.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ yan àjọ̀dún, àwòrán ilẹ̀ Èkó ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, kí n tó wo orúkọ fíìmù. AFRIFF ń fẹ́ kí ẹ sùn sí Erékùṣù, nítorí àwọn fíìmù tí gbogbo èèyàn ń lé, ìrọ̀lẹ́ ni. Òru méjì ní òtẹ́ẹ̀lì tó ṣe é fọkàn tán níbẹ̀ lè ra lẹ́ǹsì àlòkù. Àfi bí ẹ bá ní àbúrò tó ń gbé Lẹ́kí, tí ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ràn yín. S16 náà, Ìkòyí ni mo ti wò ó. Ọjọ́ rẹ̀ kéré, ìyẹn dín ìnáwó kù. Ti iREP, ojúmọmọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń bá lọ, ojú kan náà sì ni gbogbo rẹ̀. Yábàá ni mo máa ń sùn sí, nílé àbúrò bàbá mi. Bí aago mẹ́fà bá lù, mo ti ń wá ọkọ̀ ní CMS.

Ọ̀nà rẹ̀ náà tún rọrùn. Ẹ wọkọ̀ dé Ìwó Road ní Ìbàdàn, ẹ gba Òjóò dé Mọ́níyà, ẹ wọ rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní 2021. Bíi wákàtí méjì ààbọ̀, ẹ ti dé Ẹ̀búté-Mẹ́ta, láì rí Kara, láì rí Ìbàfò. Láti ibẹ̀ sí Broad Street kò jìnnà. Ẹ kàn má gbìyànjú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní Òṣogbo ní òru.

Aṣọ: AFRIFF ń fẹ́ èyí tó ń dán, ní Freedom Park, àǹkárá àti sálúbàtà tó. Oúnjẹ: wọ́n ń tà á nínú ọgbà Freedom Park. Ariwo: ọgbà gbangba ni, Broad Street kì í sì í dákẹ́. Ààwẹ̀: láti 2023 ni Ràmàdáànì ti ń kan oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ó ń fi bí ọjọ́ 11 sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ yẹ kàlẹ́ńdà wò. Àwọn tó ń bi mí nípa FESPACO, àjọ̀dún fíìmù ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Ouagadougou ní Burkina Faso: ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe ìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sí nínú ìṣirò ọdọọdún.

(Ó tiẹ̀ máa ń dùn mí pé láti ìlú tí Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbari Mbayo, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní 1962, Èkó la tún ń sá lọ wo eré. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.)

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ AFRIFF. Ẹni tó ní fíìmù láti tà, ibẹ̀ ni ọjà rẹ̀ wà. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti sú eré olówó àti ìyàwó kejì, S16 á fọ̀ ọ́ lójú. Àmọ́ iREP nìkan ni mo ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ya fíìmù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò, tó ń jẹ ẹ̀bà, tó sì ń ṣàlàyé fún mi pé kí n yé fi máìkì sábẹ́ agbádá ọkọ ìyàwó, torí pé aṣọ á máa họ ọ́. Etí fìlà ló ní kí n fi í pamọ́ sí. Láti ìgbà náà, kò sí oníbàárà tó tún bi mí pé kí ló ń dún gbọ̀ràgbọ̀rà nínú fídíò òun.

Mo ti sọ fún àwọn ọmọ Òkè-Fìà kí wọ́n máa tọ́jú owó rélùwéè di oṣù Kẹta. Ẹni tó bá ṣì ń fẹ́ ti oṣù Kọkànlá lè dá lọ. Kó ṣáà rántí pe òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.