Àgbàdo: Ṣé Ká Fi Katakata Túlẹ̀ Ni, àbí Ká Gbìn Ín Láìtúlẹ̀?

Katakata máa ń mú iṣẹ́ yá, ó ń ri koríko mọ́lẹ̀, ìkórè ọdún àkọ́kọ́ sì lè dára gan-an. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò sì nípọn, tó bẹ́ẹ̀ tí òjò ńlá mélòó kan fi lè gbá a lọ, kí ìkórè sì máa joro lọ́dọọdún.

Ẹni tí kò túlẹ̀ yóò fi pòròpórò àgbàdo èṣí bo ilẹ̀, yóò sì fi àdá dá ihò sí i. Ẹ ṣí pòròpórò náà lẹ́yìn òjò: abẹ́ rẹ̀ á tutù, ìgbẹ́ ẹkòló á sì kún ibẹ̀. Ìwádìí tí Rattan Lal, onímọ̀ nípa erùpẹ̀, ṣe ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970 fi hàn pé ọ̀nà yìí ń dín ọ̀gbàrá kù gidigidi. Koríko ni ìṣòro rẹ̀, oògùn apakoríko sì ń náni lówó. Bí màlúù bá sì jẹ pòròpórò tán, àǹfààní rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí pòròpórò pọ̀ sí, àìtúlẹ̀ ni mo fara mọ́. Níbi tí ilẹ̀ ti le gbagidi, tàbí tí iṣu yóò tẹ̀ lé àgbàdo, ẹ túlẹ̀.