Ìjọ jìbìtì nínú kátúùnù: Simpsons tàbí South Park?

Simpsons ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, South Park ni màá mú.

Ní 1998, nínú "The Joy of Sect", Homer, bàbá ilé inú Simpsons, kó ìyàwó àtọmọ lọ sí oko ìjọ kan. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ká fún Aṣáájú tó ṣèlérí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé wọn lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Blisstonia. Ọkọ̀ náà gbéra lóòótọ́ o. Ló bá já wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, Aṣáájú ló kù lókè, tó ń wa pẹ́dàlì, tó ń gbé owó wọn sá lọ! Ṣùgbọ́n ìjọ àfinúrò ni. Ta ló máa bínú?

South Park ò fi bò rárá. Ní 2005, "Trapped in the Closet" dárúkọ Scientology, ìjọ gidi kan ní Amẹ́ríkà, gbangba. Stan, ọmọkùnrin kan nínú eré náà, ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́ wọn, wọ́n ní L. Ron Hubbard, olùdásílẹ̀ ìjọ náà, ló tún ayé wá. Bí ìtàn Xenu, ọba burúkú ojú sánmà inú ẹ̀kọ́ ìjọ náà, ṣe ń lọ, wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé ohun tí ọmọ ìjọ yẹn gbà gbọ́ gan-an nìyí. Níparí, John Smith àti Jane Smith, orúkọ àfibojú, nìkan lorúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ tó ṣe eré náà: ó yá, ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́? Isaac Hayes, tó ń fi ohùn ṣe Chef nínú South Park, tó sì jẹ́ ọmọ ìjọ náà, kúrò níbẹ̀ ní 2006.