Ibi ìgbaninímọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́langba kan ní Ìkòròdú

Nígbà tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 15, bẹ̀rẹ̀ sí í dá jókòó, tí ó sì ń sọ pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, àyà mi já gidigidi, nítorí pé ìrẹ̀wẹ̀sì bá ìyá tó bí mi fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. “Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn” ni àwọn ẹbí máa ń wí. Mo mú un lọ sí ibi ìgbaninímọ̀ràn kan tí kò jìnnà sí Ìta Ẹlẹ́wà, a sì ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Obìnrin tó gbà wá kò pe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ní irọ́. Ìbejì ló fi là mí lóye: àwọn tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àbùdá (ohun inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) kan náà délẹ̀, àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì kò sì jọ ní ju nǹkan bí ìdajì lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi oríṣi méjèèjì wéra, àkójọ ìwádìí tó jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ tó wà láàárín ènìyàn nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ló jẹ́ àjogúnbá. Kì í ṣe àbùdá kan ló ń fà á, wọ́n pọ̀, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré. Èyí tó kù di ọwọ́ ilé, ọ̀rẹ́, ilé-ìwé àti ohun tí ojú ọmọ ti rí.

Ó fún ọmọ mi ní gbólóhùn mẹ́wàá tí Morris Rosenberg ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1965 láti fi wo iyì tí ènìyàn fún ara rẹ̀. Nígbà tí ó kan èyí tó ní òun níyì bí àwọn ẹlòmíràn, ó gbé báírò dúró, ó wò mí lójú, kò kọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n ní kí n bọ́ síta ló tó fàlà sí i. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà bi mí pé, “Màmá, ìgbà wo lẹ yìn ín kẹ́yìn láìdárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ ọn?” N kò rí èsì fọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìbéèrè yẹn, síbẹ̀ àléébù wọn kò kéré. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi dá yàrá náà, ẹni tó bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ń gbọ́ ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń sọ nínú, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́langba tó bá mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun kò ní sọ òótọ́. A óò padà lọ ní Sátidé. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbà wá ṣáájú láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé orí bẹ́ǹṣì náà.