Stírípù Àyẹ̀wò Oyún tí À Ń Rà ní Kẹ́mìsì: Ohun tí Ó Lè Sọ àti Ìgbà tí Ó Lè Sọ Ọ́

Nínú gbogbo ohun èlò àyẹ̀wò tí obìnrin lè fúnra rẹ̀ lò nílé, n kò mọ èyí tí owó rẹ̀ kéré tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dára tó stírípù àyẹ̀wò oyún, èyí tí àwọn oníkẹ́mìsì ń pè ní PT. Mo ti rà á fún ara mi, mo ti bá àwọn àbúrò mi obìnrin rà á, n ó sì tún máa sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ó rà á. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà lára páálí rẹ̀ tí ó ń kó ìbànújẹ́ bá àwọn tí ń wojú Olúwa fún ọmọ, ìyẹn ni pé ó péye ju ìdá 99 nínú 100 lọ. Òtítọ́ ni gbólóhùn náà ní yàrá àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìtọ̀ tí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ dán an wò. Nílé, ọjọ́ tí a lò ó ni ó ń pinnu bí yóò ti péye tó.

Họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní hCG ni stírípù yìí ń wá nínú ìtọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí àtọ̀ pàdé ẹyin ni họ́mónù yìí ń dé inú ìtọ̀. Ìgbà tí ọlẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ dé ibi tí a lè rí i, èyí sì sábà máa ń jẹ́ láàárín ọjọ́ 6 sí 12 lẹ́yìn tí ẹyin bá jáde. Láti ìgbà náà lọ, iye rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn stírípù tí ó wà lọ́jà ni a kọ 25 mIU/mL sí lára, ìyẹn ni iye hCG tí ó kéré jù lọ tí wọ́n lè rí nínú ìtọ̀. Bí họ́mónù náà kò bá tíì tó iye yẹn, ìlà kan ṣoṣo, tí ó túmọ̀ sí pé kò sí oyún, ni obìnrin yóò rí dípò méjì, bí oyún tilẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Ìwádìí tí Allen Wilcox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001 ni ó là mí lójú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n yẹ ìtọ̀ tí àwọn obìnrin tí ń wá oyún ń gbà sílẹ̀ lójoojúmọ́ wò, wọ́n sì rí i pé nínú oyún mẹ́wàá, nǹkan bí ọ̀kan kì í tíì lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù yẹ kí ó dé. Nítorí náà, kò sí stírípù kan, bó ti wù kí ó wọ́n tó, tí ó lè rí ju nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 oyún lọ ní ọjọ́ yẹn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá fi gorí rẹ̀, ó lè dé nǹkan bí ìdá 97.

Mo mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan yẹn le fún ìyàwó tí gbogbo ẹbí ń wo ikùn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó lò ó ṣáájú ọjọ́ nǹkan oṣù tí ó sì rí ìlà kan kò tíì gbọ́ ìdáhùn kankan. Kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dé déédéé ní tirẹ̀ lè ka ọjọ́ 21 láti ìgbà tí ó bá ọkọ rẹ̀ lò pọ̀ kẹ́yìn kí ó tó ṣe é.

Ìtọ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ni ó dára jù, pàápàá nígbà tí oyún bá ṣì kéré, nítorí pé omi púpọ̀ tí a bá mu ń là á. A kò gbọdọ̀ ti stírípù náà bọ inú ìtọ̀ kọjá ìlà tí wọ́n kọ MAX sí. Ìlà C ni ó ń fi hàn pé stírípù ṣiṣẹ́. Bí kò bá yọ, ẹ jù ú nù, kódà bí ìlà T bá yọ. Ìlà T tí ó ní àwọ̀, bó ti wù kí ó ṣá tó, tí ó bá yọ láàárín àkókò tí ìwé rẹ̀ sọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 5, oyún ni ó sábà máa ń túmọ̀ sí. Èyí tí ó yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ìtọ̀ tí ó ń gbẹ lè fi àmì aláwọ̀ eérú sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí a ti rà á náà ṣe pàtàkì. Púpọ̀ nínú wọn ni ìwé wọn sọ pé kí a má ṣe jẹ́ kí ooru ibi tí wọ́n wà kọjá 30°C, nítorí náà n kì í ra èyí tí wọ́n pàtẹ sínú oòrùn. Mo máa ń wo nọ́mbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti bóyá ọ̀rá rẹ̀ ṣì dì dáadáa, torí pé ọ̀rinrin lè bà á jẹ́.

Ní ti èyí tí ó ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sójú bíi fóònù, irú èyí tí Clearblue ń ṣe, stírípù náà ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan ló kàn ń bá wa ka ìlà. Ó wúlò fún ẹni tí ojú ń dùn tàbí tí ìlà tó ṣá ń dà láàmú. Fún àwa yòókù, stírípù ìwé méjì tí a lò ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọjọ́ sàn jù ú lọ.

Oògùn ibà, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí àti àwọn oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn kì í yí ìdáhùn rẹ̀ padà. Èyí tí ó lè yí i padà ni abẹ́rẹ́ hCG tí àwọn dókítà ń fún ẹni tí ń tọ́jú àìríbí, tí ó lè wà lára tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bákan náà, lẹ́yìn tí oyún bá wálẹ̀, ìlà méjì ṣì lè máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí stírípù kò lè sọ rárá ni ibi tí oyún wà. Oyún tí ó dúró sí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dípò ilé ọmọ máa ń fún un ní ìlà méjì náà, bẹ́ẹ̀ ó lè pa obìnrin. Ẹni tí ó bá rí ìlà méjì, tí inú sì ń run ún ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì sọ fún wọn pé òun ti ṣe àyẹ̀wò nílé.