Ẹ ṣọ́ra fún Ìjàpá tí wọ́n fi páálí àti fílà dí ihò abẹ́ rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ rà, tí ẹ fẹ́ máa tún un ṣe fúnra yín nínú ọgbà ilé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó kówó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, mi ò sì fẹ́ kó ṣe ẹlòmíràn.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo ra tèmi lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta mọ́tò àtijọ́ l'Ékòó. ₦1,200,000 ni mo san. Irú mọ́tò yìí ni bàbá mi fi ń gbé wa lọ sílé ìwé n'Íbàdàn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó dè é. Ọkùnrin náà ní gbogbo ibi tó dógùn-ún lòún ti tún ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Páànù tuntun la jó sí gbogbo ilẹ̀ ẹ̀. Ọ̀dà nìkan ló kù tí ẹ máa kùn."

Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò náà. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n kùn síbẹ̀ látiwájú dẹ́yìn, ó ń dán, ó ṣì ń rùn. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Ajórinmọ́rin tó bá fi páànù tuntun ṣiṣẹ́ gidi máa ń fẹ́ kí ẹ rí i, á ti fi fóònù ya fọ́tò ojú ibi tó jó kó tó kun ọ̀dà lé e. Ọkùnrin yìí ò ní fọ́tò kan ṣoṣo, èmi náà ò sì béèrè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé jáàkì sí ibi tí wọ́n ń gbé e sí lápá ọ̀tún, níwájú táyà ẹ̀yìn. Ọmọ àbúrò mi ló ń fa ọwọ́ jáàkì. Mọ́tò gbéra díẹ̀, a gbọ́ kẹ̀rẹ̀, jáàkì sì wọnú ara mọ́tò lọ bí ìgbà téèyàn fìka gún mọ́ínmọ́ín. Mọ́tò jábọ́ gbì. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ò jìnnà sí táyà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo mú skurudíráfà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà yẹn kúrò. Fílà, ìyẹn àtè tó máa ń le tí wọ́n fi ń tẹ́ ara mọ́tò kí wọ́n tó kùn ún, ló kọ́kọ́ ṣí, ó nípọn tó ìka méjì. Lábẹ́ fílà ni páálí bísíkíìtì wà. Ó ti mu omi, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, síbẹ̀ mo ṣì lè ka orúkọ bísíkíìtì náà lára rẹ̀. Lẹ́yìn páálí, ihò ni. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi sì yọ lókè, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì ń jókòó sí.

Kò burú kí Ìjàpá dógùn-ún. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà lójú ọ̀nà Badagry bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò. Àwọn Ìjàpá tí wọ́n tò níbẹ̀ ti dàgbà gan-an, atẹ́gùn òkun Èkó sì ní iyọ̀ nínú. Ásíìdì bátìrì a máa jẹ páànù abẹ́ ìjókòó yẹn, omi òjò a máa gba ẹ̀yìn rọ́bà gíláàsì wọlé, á lúgọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó léwu jù ni irin oníhò tó gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọjá, tí atẹ́gùn gbígbóná máa ń gbà láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Inú ló ti máa ń jẹrà wá síta, òun ló sì so ara mọ́tò mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fi fílà dí i, omi tó wà nínú ò rí ọ̀nà jáde, ìpẹtà á máa jẹun lọ lábẹ́ ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé èèyàn mọ èyí, ó sì tún ki páálí bọ̀ ọ́, kí ìyàwó àti ọmọ ẹlòmíràn lè jókòó lé e lórí.

Ó tún ta oògùn ìpẹtà fún mi, lítà kan ₦15,000, nínú ìgò tí kò ní àkọlé. Ó ní kí n kàn dà á sí i, pé kò sí pé mò ń ha nǹkan kan. Irọ́ ni. Ojúlówó ẹ̀, tó sábà máa ń ní phosphoric acid nínú, a máa sọ ìpẹtà pupa di dúdú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo èyí tó ń ṣí. Kò sì lè dí ihò. Mo da tiẹ̀ sórí ìṣó tó ti dógùn-ún, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Pupa ló wà. Ẹ fi ìṣó dán an wò níwájú ẹni tó ń tà á.

Tí ẹ bá ń lọ wo mọ́tò, ẹ mú òòfà kékeré dání, irú èyí tí wọ́n ń tú lára sípíkà rédíò, kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e. Ẹ gbé e kiri ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àyíká táyà, abẹ́ mọ́tò. Ibi tó bá ti já bọ́, fílà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: irin á dún, fílà á dún gbì bí odi. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ẹ fi skurudíráfà tì í. Bí olówó mọ́tò bá ní ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ máa bá tiyín lọ.

Mo padà lọ bá a. Ó ní, "Bí ẹ ṣe rí i lẹ ṣe rà á." Kò dá kọ́bọ̀ padà. Ní báyìí mo ti gé apá ọ̀tún dé ibi tí irin ti le dáadáa, páànù tó nípọn mìlímítà kan ni mo sì ń jó sí i díẹ̀díẹ̀, kí ooru má baà ká a kò.

Nígbà tí mo ń kúrò lọ́gbà ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìjàpá aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n ti lẹ "títà" mọ́ gíláàsì ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀dà dúdú abẹ́ ẹ̀ kò tíì gbẹ.