Oṣù 5 pẹ̀lú áàpù ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ àti ẹ̀rọ: ibi tó ti gbè mí, ibi tó ti já mi kulẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sún mi dé ìdí áàpù yìí: “knock”. Ó ti di ọdún 11 tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gan, tí kò yí síwájú tí kò yí sẹ́yìn mọ́, ohun tí gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ ni pé ó ti nọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ kan, mo ń ka ìwé ìlò ọkọ̀ kan, mo kan ibi tí wọ́n ti ní bí awakọ̀ bá ń gbọ́ “knock” nígbà tó bá ń gun òkè, kó máa lo epo tí octane rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí epo ṣe ń kọ̀ láti gbaná fúnra rẹ̀) ga ju ti èyí tó ń lò lọ. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì, ṣé ó tún lè gun òkè ni? Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá mọ̀ pé ìró ni “knock” lédè Gẹ̀ẹ́sì: epo tó ń gbaná fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà níbi tí iná pílọ́ọ̀gì kò tíì dé, tó wá ń dún kò-kò-kò bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Èyí tí àwa ń pè ní nọ́ọ̀kì, “seize” ni tiwọn.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́ rí, màá dúró tì í, màá bèèrè. Èyí tó ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, tí mo sì rò pé mo mọ̀, òun ni màá kà kọjá láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n sì gbé mi kúrò nídìí ọkọ̀ lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́, tí ìwé gbogbo ẹ̀rọ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, mo sanwó áàpù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀, ohun tó sì ká mi lára ni kí ẹ mọ ohun tó yẹ kí ẹ wò nínú èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà.

Káàdì ni wọ́n fi ń kọ́ni. Àwòrán kan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ohùn tó ń pè é, àti gbólóhùn kan irú èyí tó máa ń wà nínú ìwé ẹ̀rọ. Wọ́n pín in sí mẹ́ta: ọkọ̀, ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ṣì yóò padà wá bá a lọ́la. Èyí tó bá gbà yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó padà. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó bá ti wọlé sórí fóònù.

Ibi tí mo ti gbà fún wọn pátápátá ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti rà rí, orúkọ nǹkan ni wọ́n máa ń kó jọ: bóòtù, nọ́ọ̀tì, ṣáàfù, bẹ́ríìnì. Ìyẹn kò le, àwọn orúkọ yẹn ti di tiwa. Ohun tí wọ́n ní kí èèyàn ṣe sí wọn ló máa ń dani láàmú. Ẹ wo “strip”. Káàdì mẹ́ta ni wọ́n ṣe fún un. Nínú èkíní, bóòtù kan wà tí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ, tó ń yí lásán nínú ihò. Nínú èkejì, ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọ́n tú palẹ̀ sórí tábìlì, tí wọ́n to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, wáyà kan wà tí wọ́n bó èèpo orí rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tiwa, ó ti jẹ, a tú u, a bó o: mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan, tí ìwé sì sọ pé kó má ṣe “strip” bóòtù náà, ó lè rò pé wọ́n ní kó má tú u ni, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó má fún un ju bó ṣe yẹ lọ.

Wọ́n ṣe “bleed” náà dáadáa. Dípò kí wọ́n ya ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya páìpù bíréèkì, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí òpin rẹ̀ rì sínú omi bíréèkì, àti ìhó afẹ́fẹ́ tó ń jáde. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ìdí: afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi bíréèkì kò ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tí pẹ́dà fi máa ń rọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù. Ọ̀rọ̀ tí mo bá mọ ìdí rẹ̀ kì í sá mọ́ mi lọ́wọ́. Bákan náà ni “play”, tí mo ti máa ń rò pé eré nìkan ni, tó wá jẹ́ àlàfo tó wà láàárín kí èèyàn yí ọwọ́ ọkọ̀ àti kí táyà tó dáhùn. Ní ti àwọn tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà ara, orí sílíńdà, ẹnu fáìsì, eyín jíà, èjìká bóòtù, wọn kò le fún wa rárá. Àwa tí a ní ẹnu ọ̀nà, ojú abẹ́rẹ́ àti ẹsẹ̀ tábìlì ti mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohùn tó ń pe ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé “gauge” tí mo máa ń rí nínú ìwé ni géèjì tí mo ń dì mú lójoojúmọ́. Ẹnu mi ti ní in, ojú mi ni kò dá a mọ̀. “Chassis”, tí wọ́n mú láti èdè Faransé, a kì í pe s ìkẹyìn rẹ̀ bó bá jẹ́ ẹyọ kan. Bó bá di púpọ̀, a kò yí bí a ṣe ń kọ ọ́ padà, ṣùgbọ́n ohùn z á yọ lópin rẹ̀. “Wrench” kò ní w létí, “knurl” kò ní k. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n tún ṣe ni pé ohùn kan ṣoṣo ló wà, kò sì sí bí a ṣe lè mú un falẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí. Káàdì “torque” wọn (agbára tí a fi ń yí bóòtù) ya sípánà gígùn kan, gbólóhùn abẹ́ rẹ̀ sì ni “Tighten to 80 pounds.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ, pé pọ́n-ùn tó. Lóṣù kejì, mo ń dá ìdérí kan padà sórí ẹ̀rọ, ìwé sì kọ 80, ó kọ in-lb (inch-pound) tẹ̀ lé e. Mo rí 80, mo rí lb, mo yí sípánà tọ́ọ̀kì mi sí 80 lójú ibi tí wọ́n kọ ft-lb (foot-pound) sí. Bóòtù náà kò ju èyí tí sípánà 10 ń tú lọ. Ó kọ́kọ́ le lọ́wọ́ mi bó ṣe yẹ kó le. Lẹ́yìn náà ó rọ̀. Ọwọ́ mi mọ ìrọ̀ yẹn, ó fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n sípánà kò tíì dún, mo sì gbà á gbọ́ ju ọwọ́ mi lọ. Ó já pá. Orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ìyókù há sínú álúmíníọ̀mù.

Ìṣirò rẹ̀ rèé kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ft-lb 1 jẹ́ in-lb 12. In-lb 80 jẹ́ nǹkan bíi newton metre 9, ft-lb 80 sì lé ní 108. Ìlọ́po 12 ohun tó yẹ ni mo yí sípánà sí fún bóòtù kékeré yẹn. Ìdajì ọjọ́ ni mo fi yọ kùkùté rẹ̀: mo fi púńṣì sàmì sí àárín rẹ̀, mo gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo wá fi irin tó ń yí sósì mú un jáde, tẹ́rù-tẹ́rù kí tírẹ́ẹ̀dì inú álúmíníọ̀mù má lọ. Àṣìṣe mi wà níbẹ̀, ó yẹ kí n ka gbogbo rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n áàpù tó ń kọ́ oníṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kò gbọdọ̀ kọ́ ọ ní “pounds” lásán. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, káàdì náà sì wà bó ṣe wà títí di òní.

Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbìyànjú níbi ti ọkọ̀. Wọ́n fi àmì sí bonnet àti hood, boot àti trunk, wing àti fender, silencer àti muffler. “Gas” wà níbẹ̀, tó jẹ́ bẹntiróòlù lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ ohun mìíràn pátápátá lẹ́nu wa. “Fuel” náà wà níbẹ̀. Àwa, bẹntiróòlù nìkan ni fúẹ́ẹ̀lì wa. Nínú ìwé wọn, dísù náà wà lábẹ́ rẹ̀ (Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló ni orúkọ yẹn). Mo wá tráfíkétọ̀, mi ò rí i. Apá kékeré tó máa ń yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà ti fi í sílẹ̀, wọ́n ti ń sọ indicator tàbí turn signal. Ìbá dára kí wọ́n ṣe ojú ìwé kan fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwa ṣì ń sọ ọ́.

Bí èèyàn bá dé ìpín ẹ̀rọ, àmì yẹn pòórá, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ṣe pàtàkì jù. “Mil” lẹ́nu ará Amẹ́ríkà tó ń gé irin ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, ìyẹn 0.0254 mm. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìyẹn ní “thou”, bí wọ́n bá sì sọ “mil” ní ṣọ́ọ̀bù, mìlímítà ni wọ́n ń sọ. Ìyàtọ̀ méjèèjì súnmọ́ ìlọ́po 40. Káàdì “mil” wọn sọ ìtumọ̀ kan ṣoṣo, kò sì sọ ti ta ni.

Ìpín ilé-iṣẹ́ dára ju bí mo ṣe rò lọ. “Tolerance” ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀, torí ìfaradà ni ìwé atúmọ̀ èdè fún mi. Káàdì náà ya irin róbótó kan tí wọ́n kọ 20 ± 0.05 mm sí, ó sì fi hàn pé bó bá wà láàárín 19.95 àti 20.05, a ó gbà á. Bó bá kọjá ìyẹn lókè tàbí nísàlẹ̀, a ó yọ ọ́ sọ́tọ̀. Wọ́n tún ya “tap” àti “die” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀kan ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò, èkejì ń gé e sára ọ̀pá. Wọ́n ṣàlàyé pé “die” mìíràn tún wà tí a fi ń tẹ irin sí ìrísí tí a fẹ́. Ìtàn wà díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀, bíi ti iṣẹ́ tó ń rìn bá òṣìṣẹ́ tí Ford bẹ̀rẹ̀ ní Highland Park ní 1913. Àwọn ọ̀rọ̀ Japan náà wà, kanban (káàdì tó ń sọ ohun tó kù láti ṣe), andon (iná tó ń sọ pé ìṣòro wà), poka-yoke (ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe àṣìṣe), tí Gẹ̀ẹ́sì ilé-iṣẹ́ gbé wọlé bó ṣe gbé “robot” láti èdè Czech. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ìyẹn, torí mo rí i pé ohun tí àwa ṣe sí táyà àti bíréèkì ni wọ́n ṣe sí tiwọn náà.

Àléébù tí mi ò lè gbójú fò ni ti ìkìlọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló máa ń wà lára ẹ̀rọ: DANGER, WARNING, CAUTION, NOTICE. Áàpù kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú káàdì kan, ó fi àmì onígun mẹ́ta pupa kan náà sí wọn, ó ní kí a ṣọ́ra. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú ìlànà ANSI Z535 ti Amẹ́ríkà, DANGER, tó máa ń ní àwọ̀ pupa, ni ibi tí ẹni tí kò bá yẹra yóò kú tàbí kó fara pa yánnayànna. WARNING, àwọ̀ ọsàn, ni ibi tí ó lè kú tàbí kó fara pa bẹ́ẹ̀. CAUTION, àwọ̀ ìyeyè, ni ibi tí ó lè fara pa níwọ̀nba. NOTICE, àwọ̀ búlúù, kò kan ara èèyàn. Nǹkan ló lè bàjẹ́. “Yóò” àti “lè” ló ya àwọn méjì àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ kékeré méjì yẹn sì ni mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ̀ kó tó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀rin. Ó yà mí lẹ́nu, torí wọ́n ṣe káàdì “lockout” dáadáa: ibi ìtanná ẹ̀rọ tí wọ́n ti àgádágodo mọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò ẹni tó wọ inú ẹ̀rọ lọ, kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá tàbí ẹlòmíì.

Mo ṣì ń lò ó. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún un; ẹni tó ṣe káàdì “strip” nìkan ni ǹ bá fún ní márààrún. Ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ rárá kò ní rí nǹkan púpọ̀ kọ́ níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ irin, tí Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé ló ń dá a dúró, yóò jèrè rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n máa ń fúnni ní ọjọ́ 7 lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá gbà á, tàbí irú rẹ̀ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ ṣí káàdì torque lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wò ó bóyá òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí caution, kí ẹ wò ó bóyá ó dá wà.